Ọbẹ̀ Aṣaralóore Tí Kò Gbówó Lórí: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìkòkò Àwọn Rómánì



Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Owó a máa pa ọbẹ̀. Sùúrù náà a máa pa á. Ìmọ̀ pẹ̀lú a sì máa pa á. Ilé tí owó bá wọ́n nínú rẹ̀, bí sùúrù àti ìmọ̀ bá wà níbẹ̀, kò yẹ kí ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn bí omi òjò, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àwọn ọmọ inú rẹ̀ máa rù.

A kọ ìwé pélébé yìí nítorí ohun kan tí ó hàn sí gbogbo ẹni tí ó mọ agbo ilé àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í ta èyí tí ó dára jù lọ nínú irè oko rẹ̀, tí í sì fi èyí tí ó kù jẹun láìbìkítà bí a ṣe sè é. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá le jù lọ, nígbà náà gan-an ni oúnjẹ ilé a máa fúyẹ́ jù lọ. Láti fi hàn bí a ṣe lè tún èyí ṣe, a ó sọ̀rọ̀ nípa ìdáná àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní oko tiwọn rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti bá àwọn olóko kórè fún ọdún púpọ̀. Àwọn náà ni a ń pè ní Rómánì.

TA NI ÀWỌN RÓMÁNÌ?

Kí a má ṣe rò pé àwọn ará orílẹ̀-èdè Romania ni a ń wí. Orúkọ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìdí wọn. Ìran kan ni àwọn Rómánì jẹ́ tí ó tàn ká gbogbo Yúróòpù. Èdè wọn ni ó fi orírun wọn hàn, nítorí ó bá àwọn èdè ìhà àríwá Índíà tan, gẹ́gẹ́ bí Híńdì àti Pùnjábì. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba ńlá wọn ti kúrò níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti dé Scotland ní ọdún 1505, wọ́n sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé láti Íjíbítì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ náà pè wọ́n. Àṣìṣe gbáà ni.

Ojú wọn rí màbo. Ní ọdún 1530, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti lé wọn jáde. Ní Wallachia àti Moldavia, tí apá púpọ̀ nínú wọn wà ní orílẹ̀-èdè Romania lónìí, ẹrú ni wọ́n fún ohun tí ó ju irínwó ọdún lọ, títí a fi dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1855 àti 1856. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Nazi ti ilẹ̀ Jámánì pa ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí ni ìdáná wọn yóò yé. Ẹni tí a lè lé kúrò ní ibùdó rẹ̀ lọ́la kò lè gbin ohun tí yóò kórè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kò lè kọ́ àká, kò sì lè ru ìkòkò mẹ́wàá kiri. Ohun tí ó bá rí lónìí ni yóò sè lónìí, kò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun ṣòfò. Lóde òní, inú ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Rómánì ń gbé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìdáná tí ìrìn-àjò àti àìní kọ́ wọn kò tí ì parẹ́.

NÍNÚ OKO OLÓKO

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìdílé Rómánì a máa tẹ̀lé irè oko láti ẹkùn kan dé èkejì. Wọn a máa já ẹ̀wà tútù tí a ń pè ní peas nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, wọn a lọ sí Kent, Herefordshire àti Worcestershire láti já òdòdó hops, èyí tí a fi ń pọn ọtí bíà. Lẹ́yìn èyí ni wọn a ká èso ápù, tí wọn a sì ṣa ọ̀dùnkún òyìnbó lẹ́yìn ẹni tí ó tú ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn olóko a máa gbà wọ́n láyè láti dó sí ẹ̀gbẹ́ oko títí iṣẹ́ yóò fi parí, àwọn mìíràn a sì máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ní igi ìdáná.

Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í já hops lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ náà dínkù, ibùdó náà sì dínkù. Òfin kan ní ọdún 1968 pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ pèsè ibùdó fún wọn. Òfin mìíràn ní ọdún 1994 sì gba ojúṣe náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀. Bí ọwọ́ ẹni tí ó bá olóko kórè ti ń ṣófo ni ìkòkò rẹ̀ náà ń ṣófo. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ń gba alágbàṣe rántí èyí.

ÌKÒKÒ KAN, INÁ KAN

Àwọn Rómánì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gún ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi, ọ̀pá tí a ti tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀. Ara ìwọ̀ náà ni ìkòkò irin a máa rọ̀ sí lókè iná. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó hó gidigidi, wọn a ti igi sí abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa hó jẹ́jẹ́, wọn a fa igi sẹ́yìn. Ẹ̀yà kan tilẹ̀ wà nínú ìran yìí tí ń jẹ́ Kalderash. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Romania fi ń pe ìkòkò ńlá ni orúkọ náà ti jáde, nítorí alágbẹ̀dẹ bàbà ni wọ́n, tí ń rọ ìkòkò tí wọ́n sì ń tún èyí tí ó jò ṣe.

Ohun tí ó wà ní àyíká ni ó ń wọ inú ìkòkò: ehoro, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ọ̀dùnkún. Láyé àtijọ́, wọn a máa fi amọ̀ bo ẹranko kékeré kan tí ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ti òòrẹ̀, wọn a sì sun ún nínú iná. Bí wọ́n bá fọ́ amọ̀ náà, ẹ̀gún a bá a lọ. Nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a já ewé kan tí ó jẹ́ ìbátan èsìsì tiwa, tí ń jóni lára bí èsìsì. Bí omi gbígbóná bá ti kàn án, oró rẹ̀ a kú, a sì di ẹ̀fọ́.

ỌBẸ̀ JOE GREY

Èyí ni ọbẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn Rómánì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ. Kì í ṣe ọbẹ̀ tí a ń fi òkèlè jẹ. Ó sún mọ́ àsáró tiwa. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí ó ṣe ń sè é, ṣùgbọ́n báyìí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún ènìyàn 6:

1. Gé ìwọ̀n ìdá mẹ́rin kílò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ wẹ́wẹ́. Kó o sínú ìkòkò láìfi òróró sí i, kí ọ̀rá ara rẹ̀ yọ́ jáde.
2. Gé àlùbọ́sà ńlá 3 sínú ọ̀rá náà, kí o dín in títí yóò fi rọ̀.
3. Fi tòmátì 5 tàbí 6 tí a ti gé sí i.
4. Bó ọ̀dùnkún òyìnbó 10, gé e, kó o sí i, kí o sì bu omi tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.
5. Dé ìkòkò, kí ó máa hó jẹ́jẹ́ títí díẹ̀ nínú ọ̀dùnkún yóò fi fọ́, tí yóò sì mú kí omi ọbẹ̀ náà ki.

Ẹ kíyè sí i pé ẹran náà kò pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ìkòkò ní adùn, ọ̀rá àti iyọ̀. Ọ̀dùnkún ni ó ń yó ènìyàn. Nípa báyìí, ẹran tí ẹnì kan ṣoṣo ìbá jẹ tán ń mú oúnjẹ ènìyàn mẹ́fà dùn.

OLLA GITANA TI ILẸ̀ SÍPÉÈNÌ

Ní ilẹ̀ Sípéènì, Gitano ni à ń pe àwọn Rómánì. Ní ìhà Murcia àti Almería, gbogbo ènìyàn ni ó ń jẹ ọbẹ̀ kan tí a fi orúkọ wọn pè, èyíinì ni olla gitana, tí ó túmọ̀ sí ìkòkò àwọn Gitano. Kò sí ẹran nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ a yó dáadáa.

Ẹ̀wà kan tí ó tóbi, tí ó sì rí roboto, tí a ń pè ní garbanzo, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́ mọ́jú, a ó sì sè é títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi elégédé, ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà tútù tí a kò tí ì yọ kúrò nínú èèpo sí i. A ó sì tún fi èso kan tí ó dùn, tí ń jẹ́ pear, sí i. Kì í ṣe píà wa tí ó lọ́ràá, bí kò ṣe èso òyìnbó tí ó ní omi nínú bí ápù. Lọ́tọ̀, a ó dín àlùbọ́sà àti tòmátì, a ó bu ata gbígbẹ tí kì í ta lé e, a ó sì dà á sínú ìkòkò. Níkẹyìn, a ó gún búrẹ́dì díndín díẹ̀, aáyù, èso álímọ́ńdì àti ọtí kíkan díẹ̀ pọ̀ nínú odó, a ó fi mú ọbẹ̀ náà ki, a ó sì já ewé minti lé e.

Irú ọbẹ̀ ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ níyì láàrin àwọn Gitano. Ní ìlú Utrera, nítòsí Sevilla, ayẹyẹ orin flamenco kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957. Potaje Gitano ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn Gitano, nítorí ìdí ìkòkò ẹ̀wà ni àpéjọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé elégédé, ọ̀dùnkún òyìnbó, tòmátì àti ata kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ Yúróòpù, gẹ́gẹ́ bí wọn kì í ti í ṣe ohun ìbílẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wọn àti ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún 1492. Ohun tí ó dé lálejò ni ó di ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ ní ìhà méjèèjì.

Ẹ̀YÀ ẸRAN TÍ OLÓWÓ KÒ KÀ SÍ

Àwọn Rómánì ilẹ̀ Slovakia a máa se oúnjẹ kan tí ń jẹ́ goja. Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, tí a sì fi ọ̀dùnkún tí a rin kún inú rẹ̀. Ní Họ́ngárì àti àyíká rẹ̀, ẹ̀wà tí a fi egungun tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ sè kò ṣàjèjì nínú ilé wọn. Nígbà tí búrẹ́dì kò bá sí, wọn a po ìyẹ̀fun, omi àti iyọ̀, wọn a sì dín in pẹlẹbẹ lórí irin gbígbóná láti fi jẹ ọbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Ẹ̀wà pupa ńlá ti òyìnbó, tí ó rí bí kíndìnrín, ní oró nínú bí kò bá jinná. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ fún ó kéré tán wákàtí 5, kí a da omi náà nù, kí a sì sè é nínú omi mìíràn tí ń hó gidigidi fún ìdajì wákàtí, kí a tó dín iná kù. Iná jẹ́jẹ́ nìkan kò lè pa oró náà.

ÌDÍ TÍ IRÚ ỌBẸ̀ YÌÍ FI Ń ṢE ARA LÓORE

1. Ẹ̀wà àti ọkà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú àwọn èròjà tí ń mú ara dàgbà, èyí tí ẹ̀wà kò ní tó ni ó wà nínú àgbàdo, ìrẹsì àti àlìkámà. Èyí tí ọkà kò sì ní tó, ẹ̀wà ní in. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ẹ̀wà pẹ̀lú oúnjẹ ọkà fi lè gba ipò ẹran púpọ̀.

2. Omi tí a fi sè é ni a tún ń jẹ. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a sì da omi rẹ̀ nù, a ti da púpọ̀ nínú oore rẹ̀ nù. Nínú ọbẹ̀, inú ìkòkò ni oore náà ń wà. Ṣùgbọ́n iná púpọ̀ a máa ba fítámíìnì C jẹ́. Nítorí náà, ìgbẹ̀yìn ni kí a fi ewé sí i.

3. Tòmátì àti ata ń jẹ́ kí ara lè gba èròjà irin tí ó wà nínú ẹ̀wà. Èyí ṣe pàtàkì fún aboyún àti fún ọmọdé, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kéré lára wọn.

4. Ọ̀rá díẹ̀ ń jẹ́ kí ara lè gba oore tí ó wà nínú elégédé pípọ́n àti ẹ̀fọ́, èyí tí ó dára fún ojú. Kò gbọdọ̀ pọ̀. Díẹ̀ ti tó.

5. Ẹran líle a máa rọ̀ bí a bá sè é jẹ́jẹ́ fún wákàtí 2 tàbí 3. Iṣan tí ó mú un le a yọ́ sínú omi ọbẹ̀, bí a ti ń rí i nínú ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù tí ó máa ń dì bí ó bá tutù. Ẹran tí owó rẹ̀ kéré ni ó máa ń ní irú iṣan bẹ́ẹ̀ jù lọ.

ÌMỌ́TÓTÓ ÀWỌN RÓMÁNÌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ẹnu ṣáátá àwọn Rómánì pé wọ́n dọ̀tí. Ẹni tí ó bá mọ òfin ilé wọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, mokadi, tí wọ́n fi ń pe ohun tí ó di àìmọ́. Abọ́ tí a fi ń fọ àwo oúnjẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ń fọ aṣọ tàbí tí a fi ń wẹ ara. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fọ aṣọ nínú abọ́ oúnjẹ, abọ́ náà ti di mokadi nìyẹn. Wọn kì í fi jẹun mọ́, bí ó ti wù kí ó níye lórí tó. A kì í pa aṣọ tí a fi ń nu àwo pọ̀ mọ́ aṣọ ara láti fọ̀. Ológbò pàápàá jẹ́ aláìmọ́ lójú wọn, nítorí ó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú òfin yìí, pàápàá fún ẹni tí omi rẹ̀ kò pọ̀. Bí abọ́ méjì péré bá wà nínú ilé, kí ọ̀kan jẹ́ ti oúnjẹ títí láé.

BÍ AGBO ILÉ TÀBÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ ṢE É

Kò sí ìdí fún wa láti wá garbanzo tàbí álímọ́ńdì kiri. Ìlànà náà ni kí a mú, kí a sì fi ohun tí ó wà lóko wa ṣe é. Fún ènìyàn 6:

1. Ṣa ẹ̀wà ife mílíìkì 4, fọ̀ ọ́, kí o sì rẹ ẹ́ láti alẹ́. Ẹ̀wà tí a rẹ kì í pẹ́ lórí iná, igi tàbí gáàsì kì í sì í tán púpọ̀.
2. Da omi náà nù, gbé ẹ̀wà ka iná pẹ̀lú omi mìíràn, kí o sì dé ìkòkò.
3. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti ń rọ̀, fi elégédé tí a gé sí i, ìwọ̀n ìdajì kílò. Ọ̀dùnkún tàbí kókò lè bá a lọ.
4. Dín àlùbọ́sà, tòmátì àti ata nínú epo díẹ̀. Má ṣe dà á sí i títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀, nítorí ìkan tòmátì a máa dá ẹ̀wà dúró láti jinná.
5. Bí ẹja gbígbẹ tàbí egungun bá wà, fi sí i. Ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀pà lílọ̀ lè mú un ki. Ṣùgbọ́n kí a da ẹ̀pà tí ó bá ti bu nù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀ tí iná kò lè pa.
6. Rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ yòkòtò lé e, kí o sì sọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5.
7. Fi ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí àgbàdo jẹ ẹ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ooru di ọjọ́ kejì. Gbé e sí ibi tútù bí ó bá wà, kí o sì gbé e ka iná kí ó hó dáadáa kí a tó tún jẹ ẹ́.

Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ lè pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀wà nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ẹnu, kí ẹ dé e kí atẹ́gùn má lè wọlé. Kòkòrò tí kò bá rí atẹ́gùn mí yóò kú. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò lé oúnjẹ. Ohun tí ó pa kòkòrò lè pa ọmọ ènìyàn. Nígbà ìkórè, ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa gbé ìkòkò ńlá kan kaná fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìkòkò kan fún ogún ènìyàn kì í jẹ igi tó ìkòkò mẹ́wàá lórí iná mẹ́wàá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àwọn tí kò ní ilẹ̀ ni ó fi ọgbọ́n yìí bọ́ ọmọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nígbà tí wọn kò mọ ibi tí ilẹ̀ ọ̀la yóò ti mọ́ bá wọn. Àwa ní ilẹ̀, a sì ń gbin ẹ̀wà, elégédé àti ata sórí rẹ̀. Kí a tó di ẹrù lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ti ìkòkò ilé sọ́tọ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.